Ta Ní Ń Fọwọ́ sí Ìwé Owó? Iṣẹ́ Àánú àti Ààyè Gbogbo Ẹ̀yà Láàárín Òṣìṣẹ́

    

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àánú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ènìyàn fi ayé rẹ̀ ṣe, kí n sì sọ bí a ṣe lè fi ààyè gba gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo àwọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú. Inú mi dùn pé ẹ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe láti ìgbà èwe mi ní Múṣin, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kò sì fìgbà kan jìnnà sí i. Nígbà mìíràn ó máa ń pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà, jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó sínú ìwé owó oṣù, sínú ètò ọkọ̀, sínú orúkọ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Àwọn àgbà ní bí ẹnì kan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o wò. Àjọ tó bá ní òun fẹ́ tún ayé àwọn aláìní ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni aṣọ ọrùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìbéèrè kan ṣoṣo wá sí àpéjọ yìí: nínú àjọ aláàánú yòówù, ta ní ń fọwọ́ sí ìwé owó? Bí mo bá ti mọ ìdáhùn ìyẹn, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà dé níbẹ̀, kódà kí n tó rí àwòrán ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri.

Bíṣọ́ọ̀bù àti àpò owó

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gba ojú ọ̀nà Herbert Macaulay kọjá kí ẹ tó dé ibí. Gbogbo wa mọ Herbert Macaulay sí òṣèlú. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ìwé tó wà ní Bàrígà lónìí. Ṣùgbọ́n bàbá ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ìyẹn Samuel Àjàyí Crowther.

Ẹni ìsìn ni a sábà máa ń ka Àjàyí sí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àjọ àánú. Owó tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dá jọ ni CMS, àjọ míṣọ́nnárì tó gbà á síṣẹ́, fi ń ṣiṣẹ́; ó ń kọ́ ilé ìwé, ó ń tẹ̀wé, ó ń bójú tó àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó ní òṣìṣẹ́, ó ní owó oṣù, ó ní ìgbìmọ̀ tó ń jókòó ní London tó ń pinnu ẹni tí yóò ṣe olórí níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àjọ òkè òkun ṣiṣẹ́, ṣé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí yín?

Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó bá ara rẹ̀ ní Freetown. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ṣí ní 1827, ó wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Henry Venn, akọ̀wé CMS ní London. Èrò Venn yé kooro: kí ìjọ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan iṣẹ́ rẹ̀ ká fúnra rẹ̀, kí àlejò lè gba ibòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù tuntun yìí. Henry Townsend, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé ránṣẹ́ pé kò yẹ kí adúláwọ̀ ṣe olórí òyìnbó. Ilẹ̀ Yorùbá ni Àjàyí ti wá, Yorùbá ni èdè rẹ̀, òun ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fa ààlà, wọ́n yọ àwọn ibi tí òyìnbó míṣọ́nnárì ń gbé kúrò nínú ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè, wọ́n sì rí i dájú pé kò sí òyìnbó kankan tí yóò máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá wá inú àjọ aláàánú ọjọ́ òní dáadáa, ẹ ó rí irú ipò bẹ́ẹ̀: oyè ńlá, ọ́fíìsì tó mọ́, àṣẹ tí kò dé ibi kankan.

Láti 1857 ni iṣẹ́ Odò Ọya ti bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà ni wọ́n sì ń ṣe é. Venn kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1873. Lẹ́yìn rẹ̀, èrò àwọn tó wà ní London yí padà. Nígbà tí àwọn ọdún 1870 ń parí lọ, wọ́n rán òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ashcroft wá láti máa bójú tó ọkọ̀ ojú omi iṣẹ́ náà àti ìnáwó rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè lọ bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò lẹ́bàá odò mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó di àpò owó àti ọkọ̀ mú yọ̀ǹda fún un. Kò sí ẹni tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kàn gba kọ́kọ́rọ́ ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìnáwó jókòó ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n kéré sí àwọn ọmọ Crowther gan-an, ló ń pe àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà lẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bíṣọ́ọ̀bù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, títí dé orí ọmọ rẹ̀, Dandeson, tó jẹ́ áṣídíákónì ní Bonny. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ó kú sí Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ Odò Ọya ṣẹ̀ lóòótọ́. Àwọn òpìtàn wa gan-an kò sẹ́ ẹ. Ibi tí ìrẹ́jẹ wà ni ìdiwọ̀n tí wọ́n lò. Bí òyìnbó kan bá ṣi ìwà hù, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ni. Bí Áfíríkà kan bá ṣi ìwà hù, wọ́n á ní ẹ ò rí i, a ti sọ fún yín pé adúláwọ̀ kò lè ṣàkóso. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn kan náà ní oríṣiríṣi aṣọ: "Owó sọnù ní ọ́fíìsì Èkó, nítorí náà kí gbogbo ìnáwó padà sí òkè òkun." Bí owó bá sọnù ní òkè òkun ńkọ́? Wọ́n á wá ẹni tó gbé e, wọ́n á mú un, iṣẹ́ á sì máa bá a lọ.

Ohun tí ìwà yẹn bí kò kéré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, àwọn kan ní Èkó fi ìjọ wọn sílẹ̀, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1892, Dandeson àti àwọn ará Delta dá dúró, wọ́n sì ń bọ́ iṣẹ́ wọn fúnra wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí àádọ́jọ ọdún oyè Crowther ní Canterbury, Archbishop Justin Welby tọrọ ìdáríjì ní gbangba lórí ohun tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí i. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún tí Bàbá ti sùn.

Nọ́ọ̀sì tí kò padà sẹ́yìn

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Crowther kò parí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1902, ìjọba dá ẹ̀ka ìṣègùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n lè gbà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà wa tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh ti wà ní Èkó kí ó tó di ìgbà náà. Níbí ní Yábàá, nígbà tí wọ́n ṣí Higher College ní 1934, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kọjá ẹnubodè Nàìjíríà, ipò igbákejì ni wọ́n sì fi ń pèsè wọn sílẹ̀ fún. Ìbínú ìyẹn ló bí Lagos Youth Movement, tí Dókítà J. C. Vaughan, Kofo Abáyọ̀mí, Ernest Ikoli àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, tí Michael Imoudu ṣíwájú wọn, wà nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá nítorí owó ìrànwọ́ ìgbà ọ̀wọ́n ọjà. Ní 1947, hótẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ adúláwọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi yàrá pamọ́ dè é. Ìlú gbaná, ìjọba sì pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Ẹni tí mo fẹ́ dúró tì nínú gbogbo èyí ni obìnrin kan, nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ mi ju gbogbo ìpàdé tí mo ti lọ. Kofoworọlá Pratt ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, sí ìdílé Scott. Ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti kékeré, bàbá rẹ̀ kò fẹ́, ó wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Lẹ́yìn tó lọ́kọ, tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣègùn ní London, òun náà bá a lọ, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Florence Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní 1946. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ní kí ọwọ́ dúdú má kan òun. Ó fara dà á. Nígbà tí ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní NHS, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1948, ó ti wà nínú wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó padà wálé ní 1954 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí kò ní àbùkù. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti fi í sípò sístà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù, nítorí pé wọ́n ti fi ipò yẹn pamọ́ fún àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ní London, aláìsàn ló lé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nílùú tí wọ́n ti bí i, ètò iṣẹ́ ló lé e sẹ́yìn. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Èmi gbà pé èkejì ni. Ọ̀rọ̀ aláìsàn, ọjọ́ kan ni. Ètò iṣẹ́ ń dúró de ọmọ tí a kò tíì bí.

Obìnrin yìí kò padà sẹ́yìn. Ó gòkè ní University College Hospital, Ìbàdàn, títí ó fi di mátírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó ṣaápọn kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ó di olórí nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì di kọmíṣọ́nà ìlera ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1973, ìgbìmọ̀ àgbáyé Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ohun tó jẹ́ kí n máa fi í ṣàpẹẹrẹ ni pé gbogbo ipò tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ló fi fa àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà sókè. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn.

N kò lè dárúkọ rẹ̀ kí n má dárúkọ Oyinkan Abáyọ̀mí ní àdúgbò Queen's College. Nígbà tí ìjọba ń fà sẹ́yìn lórí ilé ìwé gíga fún àwọn ọmọbìnrin, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, Queen's College náà sì ṣí ní 1927. Ó di olórí àwọn Girl Guides ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí obìnrin òyìnbó ti ń darí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dá Nigerian Women's Party sílẹ̀ ní 1944, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n gba obìnrin Áfíríkà síṣẹ́ ìjọba. Aláàánú ni, ó sì mọ̀ pé ìwé ẹ̀bẹ̀ nípa iṣẹ́ àti owó oṣù jẹ́ ara àánú.

Ohun tí ojú mi rí

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé lé òṣùwọ̀n ní Múṣin, kí n sì máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wọn fún dókítà àlejò. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ọwọ́ àwọn tí owó oṣù wọn kéré jù ni ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà dúró lé wà: ògbufọ̀, dẹ́rẹ́bà, obìnrin tó ń gbálẹ̀ tó sì mọ ilé tí wọ́n ń gbé ọmọ tó rù pamọ́ sí nítorí ìtìjú. Ìyá kan á ní ara ọmọ òun kò yá. Ògbufọ̀ ló mọ̀, láti inú bó ṣe sọ ọ́, pé ọkọ ti lọ, oúnjẹ ti tán. Nígbà tí ìròyìn ọdún bá jáde, orúkọ dókítà wà níwájú. Orúkọ ìyókù kò sí níbì kankan.

Lẹ́yìn náà mo ṣiṣẹ́ ní àjọ kan tó ti òkè òkun wá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìwé owó oṣù méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan fún àwọn tó ti òkè òkun wá, ọ̀kan fún àwa ọmọ ilẹ̀. Ènìyàn méjì á máa ṣe iṣẹ́ kan náà lórí tábìlì kan náà, owó ọ̀kan á sì jẹ́ ìlọ́po lọ́nà tó pọ̀ sí ti èkejì. Mo gbà pé ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nílò owó ilé, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ilé ìwé ọmọ. Kí wọ́n fún un ní ìyẹn lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ gan-an ni mo ń sọ. Iṣẹ́ kan, owó kan.

Ohun tó dùn mí ju owó lọ ni ìwé ètò ààbò. Nígbà kan tí ìlú fẹ́ dàrú, wọ́n pín ìwé náà fún wa. Orúkọ àwọn tí ọkọ̀ yóò wá kó wà níbẹ̀, àti ibi tí wọn yóò ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tó kan àwa ọmọ ilẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí a jókòó sílé, kí a sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Lára wa ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní àárín ibi tí ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bèèrè, ọ̀gá kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ìka kò dọ́gba. Lóòótọ́, ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà, kò sì sí ẹni tí iná ń bọ̀ wá jó tí yóò fa ìka mẹ́ta sẹ́yìn kí ó fi méjì sílẹ̀.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan ni. Ní oṣù keje ọdún 2020, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ àjọ oníṣègùn Médecins Sans Frontières, àwọn tó wà níbẹ̀ àti àwọn tó ti kúrò, fọwọ́ sí lẹ́tà pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ètò àjọ náà. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú òṣìṣẹ́ mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́ nílẹ̀ tí iṣẹ́ ti ń lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ àṣẹ ti ń wá. Àwọn olórí àjọ náà gbà ní gbangba pé àtúnṣe kò tíì yá tó. Ní 2022, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn jáde lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Red Cross pàápàá ti gba ìlànà méje ní Vienna ní 1965, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé wọn kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yà ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ìlànà rere ni. Ó yẹ kí gbogbo àjọ kọ irú rẹ̀ nípa ẹni tó ń gbé ìrànlọ́wọ́ náà dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí-Àràbà

Ọ̀rọ̀ yìí á dùn mọ́ wa bí mo bá dúró síbi tí òyìnbó ti jẹ̀bi. Èmi kò ní dúró síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàmù nínú bárékè Ìkẹjà. Ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló ṣòfò; púpọ̀ nínú wọn ló rì sínú kánàlì Òkè-Afá bí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ìlú ṣì ń sunkún, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ìdí-Àràbà, ní Múṣin wa níbí. Ilé jó, ẹ̀mí lọ, àwọn aládùúgbò tó ti ń pín iyọ̀ fún ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún di ọ̀tá.

Ẹ bá mi rò ó. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, àjọ aláàánú tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, báwo ni yóò ṣe kan ilẹ̀kùn ilé Haúsá? Ta ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí yóò gbà pé ìrànlọ́wọ́ ló mú wá? Èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ Haúsá, báwo ni yóò ṣe wọ ilé Yorùbá? Kì í ṣe ọjọ́ tí ìjà bá dé ni a ń wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè kejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n ládùúgbò, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rí i tó ń jókòó nípàdé, tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ohun tó bá sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè báyìí. Nínú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ ní Sùúrùlérè àti Yábàá, báwo ni a ṣe ń gbani síṣẹ́? Ọmọ ìjọ wa, ọmọ ìlú wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa. Ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bó bá dé orí owó, a ó bọ́ sí Yorùbá, ọmọ Ìgbò tó jókòó láàárín wa á sì máa wo ẹnu wa. Ọmọ Haúsá ni à ń gbà sí ẹnu géètì. Ọmọ Ẹ̀gùn ni à ń rán níṣẹ́ lọ sí etí omi, kì í ṣe òun ni à ń bi léèrè ohun tó yẹ kí a ṣe níbẹ̀. Wọ́n ṣe é fún Crowther, ó dùn wá. Ẹni tí a ń ṣe é fún lónìí, òun náà ní ọkàn.

Ibi tí ọwọ́ lè tó

Ẹ óò bi mí pé kí ni kí a ṣe. N kò gbàgbọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n á jẹ ráìsì, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí kò sì sí ohun tó yí padà ní ọjọ́ Ajé. Ìwé owó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí àjọ kọ iye tó wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó mọ ẹni tí yóò ṣe é, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì lè rí i. Kí ènìyàn méjì tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà jọ máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, a kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò ìyẹn.

Ètò ààbò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan fún dẹ́rẹ́bà àti fún ọ̀gá àgbà. Bí owó kò bá tó láti kó gbogbo wa jáde, kí a jọ pinnu ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù, kí a má fi ìwé ìrìnnà pinnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéga ni mo rò pé ó le jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ wa máa ń ṣe igbákejì títí wọ́n fi ń fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́ àlejò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á sì di ọ̀gá wọn. Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ìbílẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń kọ ìwé ìbéèrè owó sí òkè òkun. Ta ló kọ́ ọ? Kọ́ ọ ní ọdún yìí, kí o sì fún un ní ipò ní ọdún tó ń bọ̀. Venn ti rí èyí láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún: iṣẹ́ àlejò ni kí ó múra àtikúrò sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjọ kan ń ṣe dáadáa, ẹ wo iye ọmọ ilẹ̀ tó ti gba ipò lọ́wọ́ àlejò níbẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ pe ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín wá yẹ ìwé owó oṣù wò, kí ó sọ ohun tó rí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kì í ṣe níwájú ìgbìmọ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ yín kò tóbi, n kò sì rí ìdí tí kò fi ní lè ṣe é kí ọdún yìí tó parí. Mo ti bá ààrẹ yín sọ ọ́, ó sì gbà láti gbé e síwájú ìpàdé tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ìdúpẹ́

  

Mo dúpẹ́ ní pàtàkì lọ́wọ́ àwọn ògbufọ̀ àti dẹ́rẹ́bà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Múṣin, Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Ẹ̀gùn, tí díẹ̀ nínú wọn wà láàárín wa lónìí. Kí wọ́n jọ̀wọ́ dìde kí a lè rí wọn. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo ti kọ orúkọ wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, akọ̀wé yóò sì pín in fún yín lẹ́nu ọ̀nà.